Ọkọ̀ ẹja kékeré: ibo ló yẹ kó mọ lórí omi?

ÌBÉÈRÈ

Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìsánlú ni mí, iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Lọ́kọ́ja. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ igi kan, gígùn ẹ̀ tó fíìtì 18, ẹ́ńjìnnì 15 (agbára ẹṣin 15) ló wà lẹ́yìn ẹ̀, mo fẹ́ máa fi pẹja ní Sátidé Sátidé. Odò tí mo bá dàgbà, ẹsẹ̀ la fi ń là á kọjá lẹ́ẹ̀rùn, mi ò mọ omi ńlá rárá. Ẹnìkan ní kí n má kọjá ibi tí mo ti lè dá ojú ẹni tó dúró ní èbúté mọ̀. Ẹlòmíì ní kò síbi tí ẹ́ńjìnnì 15 ò lè gbé mi dé. Àna mi kan l'Ékòó tún ní tí mo bá ti mọ ọkọ̀ wà, ká jọ lọ sórí òkun ní December. Ẹ dákun, ibo gan-an ni kí n dé kí n ṣẹ́rí padà?

*

Àbúrò, okun o. Ó dùn mọ́ mi pé orí ilẹ̀ lo ti ń béèrè, torí ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ ò béèrè àfìgbà tí omi ti wọ ọkọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni mí, etí odò Ọya (Niger) ni wọ́n bí mi sí, mi ò tíì pé ọmọ ọdún 11 tí mo ti ń bá bàbá mi gbọ́nmi nínú ọkọ̀, ẹja ni mo sì fi ń bọ́ ilé títí dòní.

Má fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Pa ẹ́ńjìnnì, mú àjẹ̀, kó o wo ìṣẹ́jú tó o máa fi wa ọkọ̀ yẹn láti ibi tó o wà dé ilẹ̀ gbígbẹ. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo wí o, ì báà jẹ́ etí odò, ì báà jẹ́ iyanrìn àárín odò, ì báà jẹ́ erékùṣù. Tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 15, o ti jìnnà jù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ omi, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí ìyẹn.

Ti èbúté tí wọ́n ní kó o ti máa rí ojú èèyàn yẹn, ojú ẹlòmíì ríran ju tẹlòmíì lọ, kùrukùru sì lè bolẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àjẹ̀ ò ní tàn ẹ́.

*

Ẹ ti ń bi mí níbi tí mo ti rí ìṣẹ́jú 15, ẹnìkan tiẹ̀ ní mo kàn fẹnu sọ ọ́ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ n là á.

Ìjì tó ń pa apẹja níbí kì í ṣú láti àárọ̀. Láti April sí June, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní September sí October, ìlà oòrùn ló ti máa ń yọ. Oòrùn á ṣì máa pa ẹ́ lórí, lójijì wàá rí àwọsánmà dúdú lókè odò Bẹ́núè lọ́ọ̀ọ́kán bí aṣọ aláró tí wọ́n sá sórí okùn. Irú ìjì yẹn lè rìn tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Bí mànàmáná bá kọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́kọ́ndì títí àrá á fi sán, sẹ́kọ́ndì 3 jẹ́ kìlómítà 1. Tó o bá ka 45, kìlómítà 15 ló wà sí ẹ, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 18 ló kù kó dé orí ẹ, atẹ́gùn ẹ̀ sì máa ń ṣáájú òjò, torí náà má ka gbogbo 18 yẹn mọ́ tìẹ. Ẹni tó ń fa àwọ̀n, ìsàlẹ̀ lojú ẹ̀ wà, kì í rí àwọsánmà nígbà tó yọ, ìgbà tí atẹ́gùn ẹ̀ bá nà án lẹ́yìn ló ń rí i. Kó tó rí i, kó tó kó àwọ̀n tàbí kó gé e, èyí tó kù fún un láti fi wa ọkọ̀ ò pọ̀. Ibẹ̀ ni 15 mi ti wá.

Bàbá mi ò ní aago. Orin kan ló fi ń wọ̀n ọ́n, tó bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí imú ọkọ̀ ò tíì kan ilẹ̀, ó ní a ti jìnnà jù nìyẹn, lọ́jọ́ kejì a ò ní débẹ̀ mọ́.

*

Nǹkan kan tún wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ níbí, ó sì ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ bó ṣe jìnnà lọ: apá ibo ni atẹ́gùn máa gbá ẹ lọ?

Ìjì láti ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn ló ń darí sí. Lọ́kọ́ja wà ní ìwọ̀ oòrùn omi, Ṣintaku wà ní òdìkejì. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ nítòsí Lọ́kọ́ja, atẹ́gùn á máa tì ẹ́ lọ sílé. Tó bá kú nítòsí Ṣintaku, àárín agbami ló ń tì ẹ́ lọ, pẹ̀lú gbogbo pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ tó o lè ju òkúta dé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé mítà 200 ní apá ọ̀hún lè burú ju mítà 600 ní apá ìhín lọ. Àmọ́ o, ìgbì á ti rìn jìnnà kó tó dé ẹ̀gbẹ́ Lọ́kọ́ja, á ti ga, má jẹ́ kó gbá ẹ ní ìbú, imú ọkọ̀ ni kó o fi kojú ẹ̀.

Ní April ọdún kan, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14, dẹ àwọ̀n sí ẹ̀bá Ṣintaku. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti ṣú. Òjúoró ti wé mọ́ àwọ̀n, ó wúwo bí òkú màlúù. Ọ̀bẹ wà lábẹ́ ìjókòó. Mo wo ọ̀bẹ, mo wo àwọ̀n, owó àjọ oṣù mẹ́fà ni mo fi rà á, mo bá ń fà á. Gbogbo ìṣẹ́jú tí mo fi ń fà á yẹn ló yẹ kí n fi wa ọkọ̀. Ìgbà tí mo máa fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó kọ̀, omi ti wọ pọ́lọ́ọ̀gì. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kọ̀, ó kán mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń fi ti igi ńlá kan tó ń bá omi bọ̀. Pákó ìjókòó la tú, òun ni mo fi ń wa ọkọ̀, ọmọ yẹn ń fi kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tí a gé lórí gbọ́nmi, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbọ́ ìró kẹ́ẹ̀gì yẹn lára igi ọkọ̀, gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, mi ò rí i mọ́ nínú òjò. Iyanrìn kan tí kò tó pápá bọ́ọ̀lù ló gbà wá. Àwọ̀n náà sì bá omi lọ bó ti wù kó rí.

Àjẹ̀ méjì, àbúrò. Ọ̀bẹ sí ibi tí ọwọ́ ẹ lè dé lókùnkùn. Tó o bá sì mọ̀ pé o ò ní lè gé àwọ̀n ara ẹ, má tíì kúrò nítòsí.

*

Mo ti ka gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù ni "kó má kúrò létí odò, ó tán." Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo nínú ọdún?

Ní March sí May tí omi bá ti fà, àárín odò gan-an lè jẹ́ iyanrìn tí omi ò dé orúnkún lórí ẹ̀, kí ọ̀gbun sì wà létí ibẹ̀ tẹ́ ẹ ní kó dúró sí. Ibi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ ìta ló ń jìn, ibẹ̀ ni ìṣàn ti le jù, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti ń ya lulẹ̀ gbì sínú omi tòun ti igi orí ẹ̀. Mo ti rí i tó ya lé ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Nígbà omi kíkún ńkọ́? Ẹ rántí 2012. Ẹ rántí 2022, tí wọ́n tú omi ìsédò Lagdo sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní September, Bẹ́núè gbé e wá bá wa, òjò tiwa náà ò dá, títì Ganaja ní Lọ́kọ́ja níbí di ọ̀nà ọkọ̀ igi. Etí odò ọdún yẹn, orí ilé àti orí ọgbà èèyàn ni. Èmi gan-an ń gbé ìyá kan àti ẹrù ẹ̀ lọ, a ò rin jìnnà sí títì rárá, irin orí ọgbà kan tó wà lábẹ́ omi ya ìdí ọkọ̀ mi. Omi náà ò ju àyà lọ níbẹ̀, àmọ́ ìṣàn ẹ̀ ò jẹ́ kéèyàn lè dúró. Tó o bá wà létí nígbà omi kíkún, igi, wáyà iná, ògiri, gbogbo ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ tó ò rí. Ní ìgbà yẹn mi ò ní ẹ̀bá, mi ò ní àárín, ilé ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ jókòó sí.

Ìgbà tó dáa jù láti bẹ̀rẹ̀ ni November títí wọ February. Òjò ti lọ, omi ti ń fà, ìjì ìlà oòrùn yẹn ti dáwọ́ dúró. Kùrukùru ọyẹ́ nìkan ni kó o máa ṣọ́ láàárọ̀.

*

Bàbá tó ní òun fi 40 ọdún wa ọkọ̀ láìwọ laifu jákẹ́ẹ̀tì, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run tó mú yín dé ibí á mú yín dàgbà sí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi wà á ńkọ́? Igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́, ìdí ẹ̀ nípọn, ẹ fi ọ̀pá tì í, kò sí nǹkan kan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Pákó tí wọ́n kàn mọ́ra ni ti àwọn ọmọ yìí, ẹ́ńjìnnì 15 nìkan wúwo tó kìlógíráàmù 35 sí 40, ẹni tó ń wà á jókòó síbẹ̀ náà, kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ wọn láti ẹ̀gbẹ́, ṣe ni imú ń wo ọ̀run. Ìgbì kékeré kan látẹ̀yìn ti tó o.

Ẹni tó ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì 40 kó lè tètè sá fún ìjì, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Èyí lé ní kìlógíráàmù 70. Fíìtì 18 ò lè gbé e. Eré náà á dùn mọ́ ọn lọ́wọ́, á máa jìnnà sí i, lọ́jọ́ tó bá sì kọ̀ ṣíṣẹ́, ibi tí àjẹ̀ ò lè mú un dé ló máa kọ̀ sí.

Bó o ṣe máa wo ẹrù: kó gbogbo ẹrù àti èèyàn sínú ẹ̀ ní èbúté, kó o fi ọwọ́ wọn igi tó yọ lókè omi ní ibi tó rẹlẹ̀ jù. Kó ju ìnà ọwọ́ kan lọ, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, sọ nǹkan kan kalẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ.

Epo náà: pín in sí mẹ́ta, ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tó ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Má fọwọ́ kan ìdá kẹta yẹn torí pé ẹja ń jẹ.

*

Ó kan àwọn tó ń dáhùn níbí pé "mo mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ náà. Nínú àwọn tí mo mọ̀ tí odò yìí gbé, ó kéré tán mẹ́ta mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù mí lọ. Ohun tó pa wọ́n ni pé ọkọ̀ dojú dé, wọ́n rí etí odò, ó jọ bíi pé ó wà nítòsí, wọ́n bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ wọ́n ń wẹ̀ lọ. Ìṣàn ń gbé wọn lọ sísàlẹ̀, etí odò ò sún mọ́ wọn, apá rẹ̀ wọ́n. Igi tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ kì í sábà rì. Ọkọ̀ igi tó kún fún omi á ṣì máa léfòó bó o bá já ẹ́ńjìnnì kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Dì í mú. Ọkọ̀ tó dojú dé hàn sí ẹni tó ń wá ẹ ju orí èèyàn kan lọ.

Mú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin, òfìfo, dé wọn pa, so wọ́n mọ́ abẹ́ ìjókòó pinpin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé bíi kìlógíráàmù 25 léfòó. Mẹ́rin jẹ́ 100, ó ti gbé ẹ́ńjìnnì, ó ṣẹ́kù fún ìwọ. Owó ẹ̀ ò tó owó àwọ̀n kan. Laifu jákẹ́ẹ̀tì sì ńkọ́, ara ni kó wà, kì í ṣe kó o fi jókòó. Mo rí wọn ní gbogbo èbúté, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí torí pé pákó le. Kò sẹ́ni tó ń ráyè wọ̀ ọ́ nínú omi.

*

Ní ti òkun tí àna ẹ ń sọ.

Okun la fi ń kíra wa nílé, àmọ́ òkun oníyọ̀ jìnnà sí wa, mo ní láti lọ bá a ni. Mo fi ọdún méjì bá àwọn Ìlàjẹ ṣiṣẹ́, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Lórí Ọya, ilẹ̀ wà lọ́tùn-ún, ilẹ̀ wà lósì, ibi yòówù kí omi gbé ẹ lọ, wàá bá nǹkan pàdé. Lórí òkun, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ilẹ̀ wà. Tó o bá jókòó sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ, ojú ẹ ò ju bíi mítà 1 lọ sókè omi, ibi tó o lè rí lójú omi ò ju kìlómítà 3 àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orí àgbọn àti ilé gíga lo kù tí wàá máa wò, tí ọyẹ́ bá sì ti bo December, ìyẹn náà ti lọ. Ìṣàn etíkun wa sì ń lọ sí ìlà oòrùn, ẹni tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú níwájú Ẹ́kòó, kó máa wo apá Oǹdó.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ síbí pé òfin fún ọkọ̀ kékeré ní máìlì òkun 5, torí náà ibẹ̀ ni ààlà. Ó ṣì í lóye. Òfin yẹn ní kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi má wọ máìlì òkun 5 àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà ba àwọ̀n àwọn apẹja kékeré jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹja ni. Kò sẹ́ni tó wọn ìgbì kó tó kọ ọ́. Máìlì òkun 5 lé ní kìlómítà 9, àjẹ̀ wo lo máa fi wa ìyẹn?

Òfin ìṣẹ́jú 15 tèmi ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí pé ibi tó o máa fi ìṣẹ́jú 15 dé, ibẹ̀ gan-an ni ìgbì ti ń fọ́, ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré ti ń dojú dé jù, ní jíjáde àti ní wíwọlé. Àwọn Ìlàjẹ tí mo bá ṣiṣẹ́ á dúró lẹ́yìn ìgbì, wọ́n á máa kà á, wọ́n á jẹ́ kí àwọn tó ga kọjá, kí wọ́n tó tẹ̀ lé èyí tó rọlẹ̀ wọlé. Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n di ẹ́ńjìnnì mú níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Tó o bá fẹ́ lọ, lọ bí èrò, nínú ọkọ̀ ẹni tó mọ ibẹ̀, kí ọkọ̀ méjì jọ jáde. Má gbé fíìtì 18 yẹn lọ.

*

Ẹ jẹ́ n sọ ti òru díẹ̀, torí ẹnìkan ní òru lẹja ń jẹ jù, òótọ́ sì ni fún àrọ̀.

Ní November 2024, àwọn ọlọ́jà wọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ tiwa yìí, wọ́n ń lọ ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger, ọkọ̀ dànù, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo mọ ojú omi apá ibẹ̀, mo ti tà ẹja lọ́jà yẹn. Àwọn NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi, tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Lọ́kọ́ja yìí ti ka ìrìn òru léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò, àwọn èèyàn ń kùn pé ó ń pa ọjà lára. Mo mọ̀ pé ó ń pa á lára. Mo ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Lóru o ò rí àwọsánmà, mànàmáná nìkan lo máa rí, o ò rí igi tó ń bá omi bọ̀, o ò mọ ibi tí iyanrìn wà. Ìṣẹ́jú 15 yẹn di 5. Dẹ ìwọ̀ ẹ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lọ sùn, kó o lọ wò ó láàárọ̀.

*

Àbúrò wa ti padà wá jíṣẹ́. Ó ní òun dé iyanrìn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán èbúté, òun pa ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe wí, òun fi àjẹ̀ wà á padà, ìṣẹ́jú 23 ló gbà, ọwọ́ òun bó, ìsàlẹ̀ èbúté lọ́nà jíjìn lòun sì gúnlẹ̀ sí, òun ní láti fi okùn fa ọkọ̀ padà.

O ṣe é dáadáa. Wò ó, iyanrìn yẹn ò burú, torí ilẹ̀ gbígbẹ lòun fúnra ẹ̀, àmọ́ agbede méjì òun àti èbúté ni kó o máa ṣọ́, má dúró dẹ àwọ̀n níbẹ̀. Kó o sì yí ibi tó ò ń lọ padà: apá òkè ni kó o máa pẹja sí, ọ̀nà Jamata, kì í ṣe apá ìsàlẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ lókè, omi ló máa gbé ẹ bọ̀ wálé, iṣẹ́ tìẹ ò ju kó o máa darí imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá kọ̀ nísàlẹ̀, gbogbo àjẹ̀ tó o bá jù, o ń bá Ọya jà ni.

Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà ò lọ sọ́jà. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni kó o bá mi ní èbúté, tí kùrukùru bá wà a ó dúró kó ká. Mú àjẹ̀ méjì wá, mú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin yẹn, mo ní okùn. Ẹ́ńjìnnì á wà lẹ́yìn ọkọ̀ o, àmọ́ a ò ní tan án títí a ó fi padà.